Ta ló ni Kabir?

Bí ẹ bá ti bá orúkọ Kabir pàdé rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lábẹ́ ewì kúkúrú kan tó ní kí èèyàn má wulẹ̀ wá Ọlọ́run lọ sí tẹ́ńpìlì tàbí mọ́ṣáláṣí, nítorí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń wá a ló wà. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á yóò mi orí kíá, yóò ní, "Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà." Ilé wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bàbá lè máa kírun, kí ìyá máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀gbọ́n bàbá máa bọ Ògún, kí gbogbo wọn sì jọ jẹ ẹran iléyá. Nítorí náà a rò pé a ti mọ ohun tí akéwì ará Íńdíà yìí ń wí, a sì kọjá lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣi Kabir gbọ́. Kò sọ fún Híńdù àti Mùsùlùmí ìgbà ayé rẹ̀ pé ọ̀nà àwọn méjèèjì wọ ọjà. Ohun tó sọ fún wọn ni pé àwọn méjèèjì ò tíì gbéra nílé. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì yìí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo agbára ewì ọkùnrin náà wà. Òun náà ló jẹ́ kí àwọn èèyàn ṣì máa sá tọ ewì náà lọ níbi tí ẹlẹ́sìn méjì bá ti ń ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀.

Ahunṣọ ará Kashi

Kashi ni ìlú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Varanasi tàbí Banaras lónìí, létí odò Ganges ní àríwá Íńdíà. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ló gbé ayé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé 1398 ni wọ́n bí i, pé 1518 ló sì kú, èyí tó máa sọ ọ́ di ẹni 120 ọdún. Àwọn òpìtàn kò gba iye yẹn: àwọn kan ní ó ti kú ní nǹkan bí 1448, àwọn mìíràn di 1518 mú. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ìran tó ti jáde. Ahunṣọ ni, ọmọ ìran àwọn ahunṣọ Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Julaha.

Ní Íńdíà ìgbà náà, ìran tí wọ́n bá bí èèyàn sí ló ń sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe, ẹni tí yóò fẹ́, ẹni tó lè bá a jẹun, àti bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ ilé ìsìn. Àwọn Brahmin, ìran àwọn àlùfáà Híńdù, ló wà lókè pátápátá. Àwọn ahunṣọ wà nísàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn Julaha Kashi kò tíì pẹ́ púpọ̀ nínú Ìsìláàmù nígbà tí wọ́n bí Kabir. Ẹ̀sìn tuntun ti gba orúkọ wọn, ṣùgbọ́n àṣà àtijọ́ ṣì wà nínú ilé. Aláìmọ́ ni wọ́n lójú Brahmin. Àwọn Mùsùlùmí ọlọ́lá tó ń ṣèjọba, tí wọ́n ń tọpa ìran wọn lọ sí ilẹ̀ àwọn Turk àti Páṣíà, kò sì kà wọ́n sí ẹgbẹ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an kò ṣàjèjì sí wa: Kábírù tó wà ládùúgbò wa náà ni, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ Ọlọ́run.

Ìtàn ìbí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń da èèyàn láàmú. Ọ̀pọ̀ Híńdù sọ pé opó Brahmin kan ló bí i, tó sì gbé e sílẹ̀ nítorí ìtìjú, kí ahunṣọ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Niru àti ìyàwó rẹ̀ Nima tó rí i ní adágún Lahartara tí wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà. Àwọn kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní kò sí obìnrin tó bí i rárá, pé orí òdòdó òṣíbàtà nínú adágún náà ló ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún ní ó dọ́gbọ́n di ọmọ ẹ̀kọ́ Ramananda, olùkọ́ Híńdù ńlá tí kò jẹ́ gba Mùsùlùmí. Ó lọ dùbúlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn etí odò nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ramananda ń bọ̀ wá wẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ké "Ram! Ram!", orúkọ ẹni tí àwọn Híńdù ń sìn, Kabir sì gba igbe náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fi ń gba ọmọ wọlé.

Kò sí ẹ̀rí ìtàn tó fẹsẹ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí múlẹ̀. Ohun tí mo rí nínú wọn ni ìgbìyànjú láti fa Kabir kúrò nídìí òfì. Ó ṣòro fún àwọn kan láti gbà pé ọmọ Julaha lásán ló ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n wá ìyá Brahmin fún un. Ewì rẹ̀ kò bá wọn tijú iṣẹ́ náà. Léraléra ló ń pe ara rẹ̀ ní ahunṣọ. Ó tilẹ̀ pe Ọlọ́run náà bẹ́ẹ̀: ahunṣọ tó ta òwú ayé sórí òfì, tí ẹnikẹ́ni kò mọ àṣírí iṣẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe ń bá tọ̀tún tòsì wí

Ewì kan wà tó fi ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, ó ní, ayé ti ya wèrè: bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á sáré wá lù mí, bí mo bá parọ́, wọ́n á gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń ka àwọn tó ti rí. Ó ti rí àwọn tó ń jí lọ wẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, tí wọ́n ń pa ẹ̀mí, tí wọ́n sì ń bọ òkúta. Ó ti rí àwọn àlùfáà Mùsùlùmí tí wọ́n ń ka Ìwé Mímọ́, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, tí ohun tí wọ́n mọ̀ kò sì ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Ó ti rí ìgbéraga lábẹ́ fìlà, ó rí i lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló wá sọ pé:

Híńdù ní, Ram ni àyànfẹ́ mi;
Turk ní, Rahman ni tèmi.
Wọ́n bá ara wọn jà títí wọ́n fi kú,
kò sẹ́ni tó mọ àṣírí ọ̀rọ̀ náà.

Turk ni wọ́n ń pe Mùsùlùmí nígbà náà. Rahman yìí sì ni Rahmánì tó wà nínú Bísímílà. Ẹ kíyè sí ohun tí ewì náà kò sọ. Kò ní kí wọ́n máa ṣe jẹ́jẹ́ nítorí pé Ram àti Rahman dọ́gba. Ó ní ẹni tó kú nítorí orúkọ kò tíì mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí òmíràn, ká wò ó fínnífínní, nítorí bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ jù. Ó kọ́kọ́ kọjú sí Brahmin, ó ní: bó bá jẹ́ pé ìyá Brahmin tó bí ọ ló sọ ọ́ di Brahmin, kí ló dé tí o kò gba ọ̀nà mìíràn wá sáyé? Kó tó di pé Mùsùlùmí tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín tán, ó ti yíjú sí i: bó bá jẹ́ pé ìyá tó jẹ́ Turk ló sọ ìwọ di Turk, kí ló dé tí wọn ò ti inú oyún dá abẹ́ fún ọ? Lẹ́yìn náà ló wá gbé iṣẹ́ kan síwájú àwọn méjèèjì: ẹ fún wàrà màlúù dúdú, ẹ fún ti màlúù pupa mọ́ ọn, kí ẹ wá yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi.

Ìlà méjì àkọ́kọ́ wúwo bákan náà bí ẹni wọ̀n wọ́n. Kò sí ẹni tó lè fi èyí tó kan ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́, nítorí tirẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Wàrà tó wá kẹ́yìn kò ní ìlà fún Híńdù, kò ní fún Mùsùlùmí. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣe ni, ẹnu àwọn méjèèjì sì pa mọ́ síbẹ̀. Bí Kabir bá fi ìbéèrè ìdábẹ́ nìkan sílẹ̀, èébú ni ì bá jẹ́. Bó bá sì jẹ́ wàrà nìkan ló mẹ́nu bà, ìwàásù dídùn ni ì bá jẹ́, wọn ì bá sì gbàgbé rẹ̀. Àpapọ̀ wọn ló mú un le.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ewì onílà méjì-méjì tí tọmọdé tàgbà ibẹ̀ mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan ní: bí bíbọ òkúta bá ń múni rí Ọlọ́run, òkè ńlá lèmi yóò máa bọ, ọlọ inú ilé pàápàá sàn ju òkúta yín lọ, òun ló ń lọ ọkà tí ayé ń jẹ. Èkejì ní: wọ́n to òkúta jọ, wọ́n fi kọ́ mọ́ṣáláṣí, ládàánì wá gun orí rẹ̀, ó ń ké, ṣé Ọlọ́run di adití ni? Ẹlẹ́sìn tó bá gbọ́ èyí tó kan òun yóò bínú, mi ò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀rọ̀ náà kò le. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni kí Híńdù máa pín èyí tó sọ̀rọ̀ ládàánì kiri, kí Mùsùlùmí máa pín èyí tó sọ̀rọ̀ òkúta. Ẹni tó bá gé Kabir sí méjì báyìí ti sọ ọ́ di igi ìjà, nígbà tó jẹ́ pé ìjà yẹn gan-an ló ń bá wọn wí lé lórí.

Àwọn aláṣẹ ẹ̀sìn gbọ́ ọ yé. Ìtàn ayé rẹ̀ tí Anantadas kọ ní nǹkan bí 1600 sọ pé Híńdù àti Mùsùlùmí jọ lọ fẹ̀sùn kàn án lọ́dọ̀ Sikandar Lodi, ọba Delhi tó jẹ láti 1489 sí 1517. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é sọ sínú Ganges, wọ́n tú erin sí i, kò kú. Ọ̀rọ̀ àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ni, a ò lè fi búra. Àmọ́ ẹni tó gbé ìtàn náà kalẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó ní àwọn méjèèjì jọ lọ ni.

Ram wo ló ń pè?

Èyí ló ń dà á rú jù fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ewì rẹ̀. Orúkọ Ram kún ẹnu rẹ̀ ju orúkọ mìíràn lọ. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé Ram ni ọmọ ọba Ayodhya tí àwọn Híńdù ń sìn, ọmọ Dasharatha, yóò ní, "Híńdù ni Kabir, ọ̀rọ̀ parí." Kabir fúnra rẹ̀ dáhùn. Ó ní gbogbo ayé ń yin ọmọ Dasharatha, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni àṣírí orúkọ Ram. Ram tirẹ̀ kò jọba níbì kankan, kò fẹ́yàwó, kò jagun, kò ní ère. Ẹni tí kò ní àwọ̀ tàbí àbùdá ni, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní nirgun. Ẹni kan náà yìí ló ń pè ní Hari, tó ń pè ní Allah, Rahim, Karim, Khuda. Nínú ewì kan ó ní ọmọ Allah àti Ram lòun, pé gbogbo wọn ni olùkọ́ òun. Nínú òmíràn ó ní Allah kọ́kọ́ dá ìmọ́lẹ̀, láti ara ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo náà sì ni gbogbo ayé ti jáde: ta wá lẹni rere, ta lẹni burúkú?

Kò dá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí hun láti inú afẹ́fẹ́. Ogún méjèèjì ti wà nílẹ̀ kó tó dé, wọ́n sì ti wọnú ara wọn. Àwọn Sufi, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó ń wá Ọlọ́run lọ́nà ìfẹ́ àti ìrántí orúkọ rẹ̀, ti ń kọrin ní àríwá Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ìran. Àwọn yogi tí wọ́n ń pè ní Nath wà ládùúgbò kan náà, àwọn tó ní inú ara èèyàn ni odò mímọ́ àti tẹ́ńpìlì wà. Àwọn olùfọkànsìn Híńdù tó ń kọ orin ìfẹ́ sí Ọlọ́run wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ahunṣọ tó ń gbé Kashi yóò gbọ́ gbogbo wọn lọ́jà àti létí odò.

Èdè tó fi kéwì tún wà níbẹ̀. Sanskrit ni èdè ìwé àwọn Brahmin. Lárúbáwá àti èdè Páṣíà ni ti àwọn Kádì àti ààfin. Kabir fi èdè tí aláta àti ahunṣọ ń sọ kéwì, àpòpọ̀ èdè àdúgbò oríṣiríṣi. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í kà ìwé fún lè gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀, wọn ò sì nílò àlùfáà kankan láti túmọ̀ rẹ̀.

Èwo ni tirẹ̀ gan-an nínú gbogbo ewì náà?

Ìbéèrè yìí ṣòro, ó sì ṣe pàtàkì. Kabir kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ewì kan gbé e sí i lẹ́nu pé òun kò fọwọ́ kan tàdáwà tàbí ìwé rí, òun kò sì di kálàmù mú. Orin ni, ẹnu dé ẹnu. Gbogbo orin náà ló sì máa ń parí pẹ̀lú ìbuwọ́lù ẹnu, "Kabir ní...", èyí tí akọrin èyíkéyìí lè fi kún orin tó bá jọ ohun tí Kabir lè sọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló gbà.

Ní agbègbè Punjab, àwọn Sikh, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀sìn tí Guru Nanak dá sílẹ̀ (olùkọ́ ni Guru túmọ̀ sí), kó orin rẹ̀ tó lé ní 200 sínú ìwé mímọ́ wọn. Guru Arjan ló ṣàkójọ ìwé náà ní 1604, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí tẹ́ńpìlì wọn ní Amritsar. Nínú àwọn akéwì tí kì í ṣe Guru Sikh tó wà nínú ìwé yẹn, tirẹ̀ ló pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni ewì Sheikh Farid, Sufi Mùsùlùmí, náà wà níbẹ̀. Títí di òní, Sikh tó bá tẹrí ba fún ìwé náà ń tẹrí ba fún ọ̀rọ̀ ahunṣọ Mùsùlùmí kan. Ní ìwọ̀ oòrùn, ní Rajasthan, àwọn ọmọlẹ́yìn Dadu, olùkọ́ ẹ̀sìn kan, pa òmíràn mọ́. Ní ìlà oòrùn, àwọn ọmọlẹ́yìn Kabir fúnra wọn, tí à ń pè ní Kabir Panth, ní ìwé tiwọn, Bijak.

Kabir mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì rí bákan náà. Ti Rajasthan kún fún ìyánhànhàn, bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò tí kò tètè dé. Ti Punjab jẹ́ ọ̀rọ̀ olùfọkànsìn tó ń gbé láàárín ilé àti aya. Ti Bijak ló gbóná, tó ń pe Kádì àti àlùfáà Brahmin lórúkọ oyè wọn, tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ibẹ̀ ni ewì wèrè ayé àti ewì wàrà ti wá.

Nígbà tó di 1915, Rabindranath Tagore, akéwì Bengal tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, gbé 100 ewì Kabir jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ Kabir. Èyí tó ṣíwájú nínú wọn ni ewì tẹ́ńpìlì àti mọ́ṣáláṣí tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnu àwọn akọrin ni wọ́n ti gba púpọ̀ nínú 100 náà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni a kò sì rí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí Kabir tí a ń bá pàdé lórí fóònù wa fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé irọ́ ni wọ́n wá pa mọ́ ọn? Èmi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Orin tí akọrin ìran mẹ́wàá gbé ní láti yí padà, àwọn tó sì fi kún un fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ewì lè ṣe láàárín àwọn tó ń jà gbọ́dọ̀ ka èyí tó gbóná mọ́ èyí tó rọ̀. Èyí tó rọ̀ nìkan yóò tù ú nínú, kò sì ní bi í léèrè ohunkóhun.

Ikú ní Maghar

Ìgbàgbọ́ Híńdù ni pé ẹni tó bá kú sí Kashi ti bọ́ lọ́wọ́ àtúnwáyé. Títí di òní ni àwọn arúgbó ń lọ síbẹ̀ láti lọ dúró de ikú. Maghar, ìlú kékeré kan nítòsí Gorakhpur, ni òdìkejì rẹ̀: wọ́n ní ẹni tó bá kú síbẹ̀ yóò padà wáyé bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kabir tó lo ayé rẹ̀ ní Kashi dìde lọ́jọ́ ogbó, ó kọrí sí Maghar láti lọ kú. Ewì tí wọ́n so mọ́ ìrìn náà sọ ìdí rẹ̀: Kashi tàbí Maghar, kí ni ìyàtọ̀ bí Ram bá wà lọ́kàn? Bó bá jẹ́ Kashi ni mo ti fi ara sílẹ̀, oore wo ni Ram wá ṣe mí?

Ìbéèrè yìí wọ̀ mí lára ju gbogbo èyí tó kù lọ. Àwọn ewì ìṣáájú ń bi ẹlòmíràn léèrè. Èyí, ara rẹ̀ ló fi san án. Bí ilẹ̀ bá lè gbani là, Ọlọ́run ò ní iṣẹ́ kankan mọ́. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn kò lè máa jókòó sí Kashi kó máa fi ewì sọ ọ́.

Ìtàn tó tẹ̀ lé e ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ó kú tán, àwọn Híńdù ní àwọn yóò sun òkú rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ní àwọn yóò sin ín. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ogun. Wọ́n ká aṣọ tó bo òkú, wọn ò bá òkú mọ́, òdòdó ni wọ́n bá. Wọ́n pín in sí méjì: àwọn kan sun tiwọn, àwọn kan sin tiwọn. Irú ìtàn yìí kan náà ni wọ́n ń sọ nípa Guru Nanak. Ní Maghar, ojúbọ ìrántí tí àwọn Híńdù kọ́ àti ibojì tí àwọn Mùsùlùmí kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí di òní, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú tirẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ ìtàn òdòdó yìí bí ìtàn ìrẹ́pọ̀. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi sọ fún wọn pé wàrà ò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ó kú tán, wọ́n pín òdòdó. Ogun kò ṣẹlẹ̀, èyí kì í ṣe ohun kékeré, ọ̀pọ̀ ìlú ì bá dúpẹ́ fún ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ ju ká má jà lọ.

Lẹ́yìn 1992

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1992, ogunlọ́gọ̀ àwọn Híńdù wó mọ́ṣáláṣí Babri ní Ayodhya, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n bí Ram sí. Nǹkan bí 2,000 èèyàn ló kú nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé e káàkiri Íńdíà. Ní 2002, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Gujarat, ó lé ní 1,000 èèyàn tó kú, àwọn Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ Ram ni àwọn kan ń ké bí wọ́n ṣe ń jó ilé. Ẹ wá ro ohun tó túmọ̀ sí, nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí èèyàn gbé tàmbúrà, ohun èlò orin olókùn, kó máa kọrin Ram ti Kabir, Ram tí kò ní ìlú ìbí.

Lẹ́yìn ti Gujarat ni Shabnam Virmani, obìnrin tó ń ṣe fíìmù, bẹ̀rẹ̀ sí tọpa orin Kabir kiri ní 2003. Fíìmù mẹ́rin ló jáde nínú ìrìn náà. Nínú wọn ni ọ̀pọ̀ ti mọ Prahlad Singh Tipanya, olùkọ́ ilé ìwé láti agbègbè Malwa. Ìran rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́ láyé àtijọ́, ó sì ń fi tàmbúrà kọrin Kabir láti abúlé dé abúlé. Nínú wọn náà ni Fariduddin Ayaz wà, akọrin qawwali, ìyẹn orin àwọn Sufi, ní Karachi, Mùsùlùmí ọmọ Pakistan tó ń pe Ram nínú orin láìsí ìtìjú. Ààlà tí wọ́n fà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ní 1947, tí ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀mí bá lọ, kò pín orin náà.

Àwọn olóṣèlú kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kẹfà 2018, olórí ìjọba Narendra Modi lọ sí Maghar láti ṣe àyẹ́sí 500 ọdún ikú rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ní ìlà kan tí wọ́n ń mú jáde nínú ewì rẹ̀, èyí tó kan ẹnìkejì.

Èyí tó nira jù ni ti àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Kabir Panth ní olórí, ní oyè, ní aṣọ ìyàsọ́tọ̀, ní ètùtù tí wọ́n ń fi àgbọn àti iná ṣe. Àwọn kan nínú wọn ń sin Kabir gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run tó gbé ara wọ̀. Tipanya náà gba oyè nínú ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ yìí, ó sì ń darí ètùtù náà. Fíìmù Virmani kan jókòó ti àríyànjiyàn yìí. Àwọn ọ̀rẹ́ Tipanya tí wọ́n jọ ń kọrin bi í léèrè bí ẹni tó ń kọ orin ọlọ àti òkúta ṣe lè máa jókòó sídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní láti inú ni èèyàn ti lè tún ilé ṣe, nítorí àwọn ará abúlé tí kò ní wá gbọ́ orin lásán yóò wá síbi ètùtù. Nígbà tó yá, ó fi oyè náà sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn kò kúrò. Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà ló pa Bijak mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òótọ́ sì ni, láìsí wọn a ò ní rí ewì wàrà kà lónìí.